Ṣebóotimọ, Ajá Ilé Wa

Ní ọjọ́ kan nínú kíláàsì, olùkọ́ wa bi wá léèrè irú orúkọ tí àwọn Yorùbá máa ń sọ ajá. Ẹnìkan dáhùn pé Tanímọ̀la, òmíràn ní Ẹ̀yìnlàárò, ẹnìkan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé 'Bingo', ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa wá ṣàlàyé pé orúkọ ajá kì í sábà jẹ́ ti ajá. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè sọ ní gbangba sí aládùúgbò, sí orogún tàbí sí ẹbí ni a fi ń sọ ajá lórúkọ. Bí a bá ń pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́, kò sì ní lè fèsì, nítorí bí ó bá fèsì, ó ti jẹ́ ìpè ajá nìyẹn. Mo ti mọ èyí kí n tó wọ yunifásítì. Mo fẹ́ na ọwọ́ sókè kí n sọ ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan há mi lọ́fun, mo bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ònkàwé, ohun tí n kò lè sọ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ẹ̀yìn ọjà Mile 12 ni ilé wa wà, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lọ sí àbàtà àti Odò Ògùn. Ẹni tí kò dé Mile 12 rí lè ti jẹ nínú ẹrù rẹ̀, nítorí láti Òkè Ọya ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó tòmátì, tàtàsé, ata rodo, àlùbọ́sà àti iṣu wá síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn aláta káàkiri Èkó ti ń wá rà wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òórùn tòmátì tí ó ti rà ni ó ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ìdílé méjì ni ó wà nínú ọgbà wa: àwa ní ọwọ́ ọ̀tún, Alájì àti àwọn ará ilé wọn ní ọwọ́ òsì. Géètì kan ṣoṣo ni a jọ ń lò. Tíṣà ni bàbá mi, Alájì sì ń ta tòmátì. Owó Alájì ju ti bàbá mi lọ, èyí kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ Alájì fúnra wọn.

Ní ọdún 2007, Alájì ra dánfó kan. Láti ọjọ́ náà ni ìjà géètì ti bẹ̀rẹ̀. Bí dánfó kò bá dí ẹnu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí ó ti ṣófo yóò dí i, omi tòmátì yóò sì máa ṣàn lábẹ́ fèrèsé wa, eṣinṣin yóò máa ṣe ìpàdé níbẹ̀. Bàbá mi sọ ọ́ títí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Alájì dá wọn lóhùn lójú gbogbo ilé, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni tí kò ní mọ́tò, kí ló fẹ́ fi géètì ṣe?" Bàbá mi kò fèsì. Wọ́n wọlé, wọ́n sì jẹun tán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Ìkòròdú, wọ́n sì gbé ọmọ ajá kan bọ̀ nínú páálí. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí àárín ọgbà, wọ́n dúró ṣánṣán bí ẹni tí ó fẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n sì ké ní ìgbà mẹ́ta pé, "Ṣebóotimọ! Ṣebóotimọ! Ṣebóotimọ!"

Ajá kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Alájì ni ó yíjú.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, n kò lè bura pé ojú mi ni mo fi rí i, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ irú agbádá tí Alájì wọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alájì fi fèsì. Wọ́n pe ẹni tí ó máa ń kọ̀wé sára mọ́tò, wọ́n ní kí ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn dánfó wọn pé: WỌN Á GBÓ TÍTÍ. Bàbá mi kà á, wọ́n yí i ká, wọ́n ní, ó kéré tán, wọ́n fi àmì sí i dáadáa.

Ajá lásán ni Ṣebóotimọ, ajá ilé wa níhìn-ín, kì í ṣe àwọn tí àwọn olówó ń rà ní ojú títì tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ amúlétutù tọ́jú. Ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ òsì sì máa ń ṣẹ́ wálẹ̀ bí fìlà abetí-ajá gan-an. Bàbá mi tọ́ ọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ní ọdọọdún ni wọ́n ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, tí Màmá mi sì ń kùn pé owó abẹ́rẹ́ ajá ti fẹ́ẹ̀ tó ti ọmọ. Bàbá mi a ní àrùn tí ó jẹ́ pé bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn kò sí oògùn mọ́, kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣọ́ owó ná.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ tí ó le jù ni ti pákó. Kọ́tà kan wà ní iwájú géètì wa, a sì gbé pákó lé e lórí láti máa gbà kọjá sí ojú títì. Bàbá mi fi yé ajá náà pé ibi pákó yẹn ni ayé rẹ̀ parí sí. Wọn yóò mú ọ̀pá ní ọwọ́ kan, pọ̀nmọ́ ní ọwọ́ kejì. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé pákó, ọ̀pá. Bí ó bá dúró ní ìdí rẹ̀ tí ó sì jókòó, pọ̀nmọ́. Èyí kì í ṣe àṣejù. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS. Wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un ní títì Ìkòròdú, àwọn awakọ̀ tí sùúrù wọn kò tó nǹkan sì wá ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo ajá àdúgbò ni mọ́tò pa tán, ó ku tiwa. Ọdún méjìlá ni ẹ̀kọ́ pákó náà fi dúró.

Ohun tí bàbá mi kò kọ́ ọ ni pé ọ̀tá ni Alájì. Kò mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Abẹ́ dánfó ni ó yàn láti máa sùn, abẹ́ dánfó tí a kọ èébú rẹ̀ sí lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Alájì bá ti ṣe àlùwàlá, wọn yóò ká jálàbíà sókè, wọn yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí itọ́ ajá má baà kàn wọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣàkíyèsí pé apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọn kò dín mọ́ lóru. Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n ju egungun kan sí i. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ohùn Alájì ní ìrọ̀lẹ́: "Ṣebóotimọ, ó yá, wá gba tìrẹ." Bàbá mi yóò wà nínú pálọ̀, wọn yóò fi ìwé ìròyìn bojú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ajá rán sí Alájì, egungun ni Alájì fi ń dá a padà.

Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni omi dé. Odò Ògùn ni mò ń wí o, odò Yemọja, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kì í ṣe Ògún onírin, ti ìyẹn ń bọ̀ níwájú. Òjò ọdún náà pọ̀, dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lápá Abẹ́òkúta ní ọdún 1983 kún, wọ́n ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀, odò sì kọjá àyè rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìkòròdú, Òwódé Onírin, Agílítì, títí kan ọ̀dọ̀ wa, gbogbo rẹ̀ di ọ̀sà. Òru ni omi wọ ọgbà wa. Abẹ́ dánfó ni ó kọ́kọ́ dé, nítorí náà ajá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Kò wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ilẹ̀kùn Alájì ni ó lọ ń ha, tí ó ń ké bí ọmọdé. Alájì mú pàṣán, wọ́n ṣílẹ̀kùn láti lé e, ẹsẹ̀ wọn sì bọ́ sínú omi. A gbọ́ igbe wọn: "Tíṣà! Tíṣà! Omi o!" Bàbá mi máa ń sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Alájì pe àwọn tí kì í ṣe nítorí ìjà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé ìbàdí bàbá mi. Èmi wà ní èjìká wọn, mo ń wo Alájì níwájú tí wọ́n gbé ajá kọ́rùn bí ẹni gbé àgùntàn, itọ́ rẹ̀ ń kán sí wọn ní irùngbọ̀n. Bàbá mi, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, ní, "Alájì, àlùwàlá ńkọ́?" Alájì kò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé omi ni ẹ rò pé yóò wọ́n mi lónìí?" Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi lábẹ́ mi, ara wọn ń gbọ̀n, mo di orí wọn mú kí n má baà já sómi. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ó gbé wa dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wà ní ilé àǹtí wa ní Kétu, pẹ̀lú Alájì, ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn, àti ajá.

Nígbà tí a padà sílé, omi ti fa ìlà sára ògiri, ó ga ju orí mi lọ. Ẹ̀rọ dánfó ti mu ẹrẹ̀ yó. Bàbá mi yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì fún Alájì pé kí wọ́n fi tún mọ́tò ṣe. Wọn kò jọ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dánfó padà dé láti ọ̀dọ̀ akunmọ́tò, WỌN Á GBÓ TÍTÍ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni ṢEBÓOTIMỌ. Àwọn èrò ọkọ̀ rò pé àwọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Nígbà tí ẹnìkan ní mọ́ṣáláṣí bi Alájì léèrè ohun tí wọ́n ń fi ajá ṣe, wọ́n dáhùn pé ẹ̀sìn gba ajá tí ń ṣọ́ nǹkan láyè, àti pé ajá kan wà nínú Súrá Káfì tí ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ihò níbi tí àwọn onígbàgbọ́ òdodo ti ń sùn, Ọlọ́run kò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn wọn.

N kò ní fi ọdún tí ó tẹ̀ lé e fa yín lọ títí. A dàgbà, ajá sì darúgbó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, ojú rẹ̀ ti ní àwọ̀ bí omi ẹ̀kọ, etí rẹ̀ sì ti di pátápátá. A ń pè é, kò gbọ́. Ajá tí ó jẹ́ pé nítorí pípè nìkan ni a ṣe mú un wá sílé.

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú láti òkè, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún dín ní mẹ́wàá... rárá, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ḿbà kọ ọ́ kí n má baà ṣì í: ní 30 oṣù kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Mo ń dúró de ìwọlé sí yunifásítì, n kò ní iṣẹ́ kan tí mò ń ṣe. Àfi àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ àti àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda, mọ́tò dá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ Mile 12 ni yóò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń wí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti bo ìlú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igbá. Ní kùtùkùtù, kí àwọn ará ilé tó jí, mo máa ń rọra ṣí géètì, èmi àti ajá a sì bọ́ síta.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dé ìdí pákó, ó jókòó. Ó ń retí pọ̀nmọ́. Mo fà á, kò dìde. Mo fi búrẹ́dì tàn án, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, ó gbé e kúrò, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá yóò rí ọ̀pá bàbá mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọjá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi máa pé, òun ni ó ń ṣíwájú mi. Ọ̀dà ojú títì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní òwúrọ̀, ó sì tẹ́ eegun arúgbó lọ́rùn. Ó máa ń na gbalaja sí àárín ọ̀nà, èmi yóò jókòó tì í, a óò wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn ní àwọn òwúrọ̀ yẹn. N kò tíì ní irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún, wọ́n dẹ òfin náà lára, mọ́tò sì tú jáde. Mo dáwọ́ jíjáde dúró. Mo rò pé bí mo bá ti dáwọ́ dúró, òun náà ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹnìkan gbàgbé láti ti géètì. Ó gba orí pákó kọjá fúnra rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ibi tí mo fi hàn án. Ọkọ̀ tí ó kó iṣu ni. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ń búra pé òun fun fèrè títí. Mo gbà á gbọ́. Ajá tí etí rẹ̀ ti di, fèrè wo ni yóò gbọ́?

Àwọn ènìyàn pé jọ. Mẹkáníìkì kan tí ó wà ní òdìkejì mi orí, ó ní àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, pé ajá tí ó bá rí mọ́tò tí ó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni. Kò sí ẹni tí ó jiyàn, a sá mọ̀ pé ajá ni Ògún ń jẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò wo mẹkáníìkì náà. Wọ́n ń wo pákó. Wọ́n ní, "Ta ni ó kọ́ ọ láti kọjá?"

Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa.

Alájì ni ó gbẹ́ ilẹ̀ fún un ní ìdí máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Èmi ni mo ń kó erùpẹ̀. Ilẹ̀ wa rọ̀, kò pẹ́ kò jìnnà tí omi fi ń sun nísàlẹ̀ kòtò, Alájì sì ń fi ṣọ́bìrì gbọ́n ọn. Láìgbé ojú sókè, wọ́n ní, "Mo máa ń rí yín láàárọ̀." Òótọ́ ni, nítorí wọ́n ti ti mọ́ṣáláṣí pa ní àkókò náà, ẹnu ọ̀nà wọn ni wọ́n ti ń kí Súbà. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Wọn kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn di òní, fún mi tàbí fún bàbá mi.

Màmá mi ní kí a má sunkún, pé ikú tí ń rìn káàkiri ní ọdún náà, orí ilé wa ni ó fẹ́ bọ́ sí tí ajá fi orí rẹ̀ gbà á. Mo mọ̀ pé ìtùnú ni. Ìyà ni ó fi ń jẹ mí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kò sì pọ̀ fún ẹni tí ajá rẹ̀ kú. Ọba wàjà, àgbà papòdà, ajá kàn kú ni. Èdè wa tí ó ní ìkíni fún ẹni tí ó ń dirun, fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, mo wá èyí tí a ń kí olójú-ẹkún ajá, n kò rí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run kò ní fi ènìyàn ṣe é," ni àwọn aládùúgbò ń wí, tí wọ́n ń kọjá lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Alájì kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n wọ aṣọ ńlá, wọ́n sì ṣí fìlà. Wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀ pálọ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ kú ọ̀fọ̀." Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà, Alájì, ẹ kú ọ̀fọ̀." Wọ́n jókòó títí, wọn kò sọ̀rọ̀. Màmá mi gbé omi wá, kò sẹ́ni tí ó mu ún.

Mo mọ̀ pé bàbá mi yóò ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìwé tí mo bá mú wálé ó kọjá láìkà. Bàbá mi, èmi ni mo kọ́ ọ láti kọjá.

Ní ọdún tí ó kọjá, Alájì gbé ọmọ ajá kan wá fún wa láti ọjà. Wọ́n bi bàbá mi pé kí ni a ó máa pè é. Bàbá mi wo ajá, wọ́n wo Alájì, wọ́n ní kí àwọn rò ó wò ná. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, 'Ajá' ni à ń pè é. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, mo bá bàbá mi ní iwájú géètì, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, pọ̀nmọ́ ní ọwọ́ kejì, ní ìdí pákó. Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí n gbé báàgì mi kalẹ̀, kí n wá bá àwọn di okùn rẹ̀ mú.